Iṣu Ìṣákọ́lẹ̀ Ilẹ̀ Bàbá Wa

Sátidé, 5 oṣù Keje 2025

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ — kì í ṣe lọ́wọ́ dókítà, kì í ṣe lọ́wọ́ àlùfáà, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ Ọládépò ọmọ mi. Òun ló ra ìwé yìí láti Ọ̀yọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ní kí n máa kọ oògùn tí mo bá lò sí i, kí n má baà gbàgbé. Mi ò ní kọ oògùn kankan. Ìwé méjì péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá ran ìyá mi lọ́wọ́ nídìí aró. Bíbélì ló kọ́ mi ní ìyókù. Èyí tí mo mọ̀ tó mi í lò.

Lónìí, Ọlámidé ṣe ìdánwò àtiwọlé sí Súkúù Orí Òkè. Ọmọ Ọládépò ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo tọ́ ọ láti kékeré. Mo bá a dé gẹ́ètì. Èrò. Àwọn ìyá láti Ìkòyí-Ilé, láti Ìrẹ̀sà, láti Ọ̀yọ́ pàápàá, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, àdúrà lẹ́nu. Àwọn ọmọ pọ̀ débi pé wọ́n to àga sábẹ́ igi, díẹ̀ péré ni wọ́n sì máa mú. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń gbà.

Ọlámidé ní kí n máa lọ sílé, kí n má dúró síbẹ̀ bí ọlọ́pàá. Mo dúró.

Sọ́ńdè, 6

Orúnkún. Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Wẹ́sìdeè, 9

Wọ́n pe àwọn ọmọ padà láti bi wọ́n ní ìbéèrè lójúkojú. Tísà kan bi Ọlámidé pé ta ló ni súkúù yìí. Ó ní, "Ilé Aláró ni, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìjọba ló ni ín. Ó ní màmá àgbà òun ló sọ fún òun. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ó délé, ó ní ṣé irọ́ ni mo pa fún òun ni. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un láti orí dé ìdí. Màá kọ ọ́ síbí náà, kó má baà bá mi lọ.

Ilé Aláró ni wọ́n ń pe ilé wa; oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni orí òkè yẹn. Àwọn àgbà ìlú wá bá a, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ súkúù gidi, kí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ má máa rìn jìnnà wá ìwé mọ́. Bàbá ò ta ilẹ̀. Kò sì fi tọrẹ. Ó ní kí wọ́n máa lò ó, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀. Bí iṣu tuntun bá ti jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n gbé díẹ̀ wá sílé wa, kí gbogbo ayé lè rí i pé wọ́n mọ onílẹ̀. Iṣu gan-an ò jẹ́ nǹkan kan. A ní iṣu nílé. Mímọ̀ yẹn ni.

Èmi náà wà lára àwọn tó ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ ògiri àkọ́kọ́. Ọmọge ni mí nígbà náà, ọrùn mi le.

Ọ̀gá Gabriel ni ọ̀gá àkọ́kọ́, ọmọ Ọ̀yọ́. Èèyàn líle. Ọmọ tó bá dé lẹ́yìn agogo, kóríko ni yóò máa gé títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ di pàṣán. Ṣùgbọ́n bí iṣu tuntun bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣáájú wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè — aṣọ funfun, iṣu lórí kálukú, wọ́n á máa kọrin bọ̀. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, tòun ti kóòtù. Bàbá á mú nínú iṣu náà, á ní ká sun ún fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó padà. Epo, iyọ̀. Èéfín á gba gbogbo agboolé. Àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí òkè, Yorùbá ni wọ́n ń fi tọrọ epo sí i nílé wa.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣe ìdánwò ibẹ̀, kò yege. Àwọn ará ilé ní kí Bàbá lọ bá Ọ̀gá Gabriel sọ̀rọ̀. Bàbá ní ilẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ gbà, tiwọn nìyẹn. Àbúrò mi lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Òun ló padà ṣe fèrèsé kíláàsì wọn. Bí súkúù yẹn ṣe lórúkọ nìyẹn. Ọmọ olówó ò rí ọ̀nà gbà, ọmọ onílẹ̀ pàápàá ò rí ọ̀nà gbà. Ọpọlọ rẹ nìkan ló ń mú ọ wọlé.

Ìjọba wá gba àwọn súkúù. Ọ̀gá tuntun ní ìjọba kì í san ìṣákọ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti fìlà, ó ń wo òkè. Ẹnì kan ò sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe ń jókòó lọ́dọọdún nìyẹn títí ó fi kú. Àbúrò mi náà ti lọ. Ó ku èmi.

Ọwọ́ ń ro mí. Ọlámidé ti sùn lọ kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Túsìdeè, 22

Wọ́n ti lẹ orúkọ. Ti Ọlámidé ò sí níbẹ̀. Máàkì méjì ló kù kó wọlé. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò jẹun.

Wẹ́sìdeè, 23

Ọládépò pè. Ó ní kí n lọ bá Onítáì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ọ̀gá súkúù ìsinsìnyí. Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọrùn rẹ̀ láìsí táì. Ọládépò ní, "Màámi, ẹ kàn rán an létí pé ilẹ̀ yín ni. Ọ̀nà ẹ̀yìn ti wà níbẹ̀ báyìí, gbogbo èèyàn ló ń gbà á."

Mo ní tí mo bá fi ilẹ̀ gba ààyè fún ọmọ, wọ́n ti san gbèsè wọn nìyẹn. Ìṣákọ́lẹ̀ ti tán láéláé. Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀ iṣu. Mo pa fóònù.

Sátidé, 26

Mọ̀ríámọ̀ wá láti Sábó tó ti ń ta ata gbígbẹ. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a jọ ń ru omi. Ó gbé kúlíkúlí dání. Ó wo Ọlámidé, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ àti ọrùn líle yìí, inú sàréè kan náà lẹ jọ máa sùn." Mo ní mi ò gba ìmọ̀ràn. Ó ní ìmọ̀ràn kọ́ lòun ń gbà mí, èébú lòun ń bú mi.

A jẹ kúlíkúlí náà tán. Eyín mi ò fẹ́ ẹ, mo jẹ ẹ́.

Tọ́sìdeè, 7 oṣù Kẹjọ

Onítáì wá sílé.

Mọ́tò méjì, àwọn tísà, ayàfọ́tò. Wọ́n sì gbé iṣu sọ̀kalẹ̀. Iṣu tuntun. Mo ní kí Ọlámidé tètè mú gèlè mi wá. Mo wé e, mo jókòó dáadáa sẹ́nu ọ̀nà, ibi tí Bàbá máa ń jókòó sí. Mo rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti dé.

Onítáì dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ọwọ́ kan ilẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ó ní súkúù ń múra àjọ̀dún, wọ́n wá ń ran àwọn arúgbó àdúgbò lọ́wọ́. Mo bi í pé kí lorúkọ iṣu yìí. Ó ní, "Ẹ̀bùn ni, Màmá. Ìrànwọ́ díẹ̀." Mo tún bi í. Mo fún un láyè kó rò ó. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀?" Ó wo àwọn tísà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, ìjọba ló ni ilẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò."

Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Tí mo bá gba iṣu yẹn ní sàráà, mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé a ò ní ilẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ má bínú. Mo ní mi ò bínú, ẹ gbé iṣu yín.

Wọ́n kó o sínú mọ́tò. Àwọn aládùúgbò ń wo iṣu náà bó ṣe ń lọ.

Fúráìdè, 8

Ọlámidé ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbálẹ̀, ó pọn omi, ó se ọbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." "Rárá, mà." Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wẹ́sìdeè, 13

Wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Akọṣu ládùúgbò. Obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi níbi ẹ̀rọ omi pé ṣé ìrẹsì ni mo fẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ súkúù padà. Wọn ò tíì wọlé, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n ti yọ fèrèsé àbúrò mi, wọ́n fi onígíláàsì sí i, gíláàsì náà ti fọ́ níbi púpọ̀. Ọ̀dà tuntun wà ní iwájú nìkan, ibi tí àlejò máa wò. Síbẹ̀, àwọn èèyàn á ta ẹran ilé wọn kí ọmọ wọn lè jókòó lẹ́yìn gíláàsì fífọ́ yẹn. Mi ò bá wọn wí. Ọlámidé ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ súkúù náà sára ògiri yàrá wa. Ó rò pé mi ò rí i.

Sọ́ńdè, 24

Ọládépò dé láti Ọ̀yọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kì í dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ó mú yúnífọ́ọ̀mù jáde. Ó ní Ọlámidé ti wọlé. Ọmọ náà pariwo, ó sáré yí ilé ká. Mo ní báwo. Ó ní òun lọ bá Onítáì ní ọ́fíìsì, òun ní kó fún ọmọ láàyè, ilé Aláró ò ní sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́. Onítáì gbà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Súkúù tí Ọládépò fi ọpọlọ ara rẹ̀ wọ̀. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀, mo ṣì rántí. Ó wá lọ fi ilẹ̀ bàbá ìyá rẹ̀ ra ààyè fún ọmọ tirẹ̀.

Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní, "Màámi, ọjọ́ mélòó lẹ rò pé ó kù fún yín tí ẹ fi ń dúró de iṣu?" Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ojú tì í. Òótọ́ ni.

Mọ́ńdè, 25

Ọládépò ti padà sí Ọ̀yọ́. Mo pe Ọlámidé. Mo sọ fún un bí ó ṣe wọlé, mi ò bo nǹkan kan. Mo sọ pé ilẹ̀ wa ni bàbá rẹ̀ fi gba ààyè fún un. Mo ní kí ni ìwọ fẹ́.

Mo rò pé á ní òun ò lọ mọ́. Mo ti ń múra láti yìn ín.

Ó ní, "Mo fẹ́ lọ, Màmá. Máàkì méjì péré ni." Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lójú mi. Ta ni mo fẹ́ kó jọ.

Ó fẹ́ lọ. Mi ò lè fà á jáde níbẹ̀. Mi ò sì lè fi ilẹ̀ sílẹ̀. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Ọ̀nà kan ló kù. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Tọ́sìdeè, 28

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbà mí nímọ̀ràn.

Mọ́ńdè, 15 oṣù Kẹsàn-án

Súkúù wọlé lónìí. Mo wọ àdìrẹ tí ìyá mi rẹ fún mi, mo bá Ọlámidé gun òkè. Mo ń dúró, mo ń mí. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tóbi, Ọládépò ò mọ ìwọ̀n ọmọ rẹ̀.

A wọ ọ́fíìsì Onítáì. Àwọn tísà wà níbẹ̀. Ó ní ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ jókòó. Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, lórí sìmẹ́ńtì.

Onítáì ò ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó fò dìde, ó ní èèwọ̀ ni, Màmá, ẹ dìde. Mi ò dìde. Ni òun náà bá na gbalaja sílẹ̀ níwájú mi. Bí a ṣe wà nìyẹn. Òun ò lè dìde nígbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi ò sì dìde. Àwọn tísà ò mọ ẹni tí wọ́n máa gbé.

Mo ní, "Ọ̀gá, máàkì méjì ló kù fún ọmọ mi. Ẹ ṣàánú rẹ̀. Mò ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín bí ìyá yòówù ṣe lè tọrọ. Ilẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí Ọládépò sọ, èmi ni mo bí i, mi ò rán an."

Ó ní òun ti gbọ́, Màmá, ẹ jọ̀wọ́. Mo ní kó sọ ọ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́. Ó tún ní kí n dìde. Mo ní orúnkún mi ò yá, àmọ́ mo lè wà níbí di ìgbà tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán. Ó wá sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀: àánú lòun ṣe fún ọmọ náà, kì í ṣe pàṣípààrọ̀ ilẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, Olúwa á bá yín tọ́ tiyín. Tísà obìnrin méjì gbé mi dìde.

Bàbá mi ò bẹ̀bẹ̀ lórí òkè yẹn rí. Èmi bẹ̀.

Ọlámidé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gbọn eruku kúrò ní ìró mi níbi orúnkún. Agogo dún. Ó sáré lọ.

Túsìdeè, 16

Orúnkún wú. Mọ̀ríámọ̀ wá fi òrí pa á, kò bú mi rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo rí bákan lójú. Ọládépò pè. Ó ní mo dójú ti òun. Lẹ́yìn náà ó ní kò burú, ọ̀rọ̀ ti parí báyìí, kí n sinmi.

Kò parí. Ohun tí mo tọrọ, wọ́n fún mi, mo ti dúpẹ́. Ìyẹn wà lọ́tọ̀. Èyí tó kù kì í ṣe àánú. Súkúù Orí Òkè jẹ ilé Aláró ní ìṣákọ́lẹ̀ láti ọdún tí ìjọba ti gbà á. Iṣu ti kún ọjà. Kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n san án.