Gìtá Tí Mo Fi Ibùsùn Ṣe

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025
Kábíyèsí — Adéwùmí, aya mi — wọ tásì lọ Ṣábẹ̀ láti wo ìyá rẹ̀. Ó ku èmi àti Oníkọ́, gìtá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún Paul, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Banikanni. N kò mọ gìtá ta, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Ó wúkọ́ bí ewúrẹ́ tó jẹ ata. Igi tútù ni mo lò. Mo sì mọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà!

Ọjọ́rú, 15
Paul ta Oníkọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí n kò bá gbé èyí tó lóhùn wá lọ́jọ́ Àìkú, wọn yóò ra ti Ṣáínà ní Kútọnu. Mo ní kó má mikàn, igi gbígbẹ wà nípamọ́. Irọ́ gbuu. Ẹnu mi nìkan ló gbẹ nílé yìí.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ọyẹ́ mú. Mo nà gbalaja lọ́sàn-án, ìka mi kan pákó orí ibùsùn wa. Ó dáhùn! Ohùn náà pẹ́ kó tó dákẹ́. Igi apá, ogún ọdún nínú iyàrá. Bàbá Adéwùmí ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ fún ìgbéyàwó wa, kó tó kú.
Rárá o. Rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Mo gé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Mo ṣí ojú Oníkọ́ kúrò, mo fá pákó àna mi títí ó fi fẹ́lẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kókó igi dúdú kan wà lára rẹ̀ — mo jẹ́ kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò gìtá gan-an, torí ẹwà. Olè wo ló ń sàmì sí ohun tó jí? Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀! Ó jinlẹ̀, ó gbóná, ohùn àgbàlagbà tí kò kánjú. Mo sunkún, ojú sì ń tì mí. Mo kan pákó mìíràn sórí ibùsùn, mo fi aṣọ bò ó. Kábíyèsí kò ní mọ̀. Ọgbọ́n kún agbárí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 19
Láti inú tásì, ṣọ́ọ̀ṣì ni Kábíyèsí gbà lọ tààrà. Paul ta gìtá, ìjọ pa lọ́lọ́. Mo ń wò yíká bí ẹni bí ìbejì. Lẹ́yìn ìsìn Kábíyèsí wá kí Paul, ojú rẹ̀ bọ́ sára kókó igi náà. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní kókó yìí lòun ń jí rí láràárọ̀ látìgbà tóun ti di ìyàwó. Ṣé bàbá òun náà ni mo fẹ́ gbé fún oníbàárà?
Ó ní kí Paul tún un ta. Ó dijú, ó gbọ́ ọ tán, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gba gìtá lọ́wọ́ Paul, ó gbé e relé. Kò wò mí.
Gìtá ló wà lórí ibùsùn báyìí. Èmi wà lórí ẹní. Adéwùmí ní ọjọ́ tí mo bá ta orin kan já fún bàbá òun ni kí n padà gòkè.

Ọjọ́ Ajé, 20
Mo lọ bẹ Paul kó kọ́ mi. Ó wo ìka mi títí. Ó ní kí n ra ẹní tó nípọn.