Ẹ Jẹ́ Kí Tèrésà Gun Ọ̀kadà Gébúrẹ́lì

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú Tèrésà ọmọ mi, ẹ kú orúnkún tó ń dùn yín. Mo kí Ẹ̀gbọ́n, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ara mi le ní Àbíjàn níbí. Òjò ò jẹ́ ká rójú, fìríìjì tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti tún ṣe sì ti dín kù, ṣùgbọ́n à ń jẹun. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló le jù. Faransé ni wọ́n fi ń ṣe Mísà. Ìgbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ lèmi náà ń kúnlẹ̀.

Màámi, ohun tí ẹ sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Gébúrẹ́lì ọ̀rẹ́ mi ti di Mùsùlùmí, Fádà sì ní kò lè ṣe bàbá ìsàmì Tèrésà mọ́. Lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ fi òróró sí ọmọ náà níwájú orí, ẹlòmíì ni yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mi ò bá Fádà jà. Ẹni tí kò gba ohun tí a gbà mọ́, báwo ni yóò ṣe jẹ́rìí sí i?

Mo pe Gébúrẹ́lì lórí fóònù. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ mọ ìṣe rẹ̀. Ó ní kí n má pariwo, Jíbírílù ni wọ́n ń pe òun báyìí, áńgẹ́lì kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀. Mo ní ṣé obìnrin ló fà á, àbí owó. Ó ní ta ló fẹ́ fún ọlọ́kadà lówó. Ó wá ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ọkàn òun ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí òun forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ni ọkàn òun tó balẹ̀.

Ìyẹn ló dùn mí jù. Bó bá jẹ́ torí nǹkan kan ni, ǹ bá rí ohun tí màá bá a jà lé lórí. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé àbẹ́là níwájú Fádà ní kékeré. Nísinsìnyí, bí mo bá ń gbàdúrà pé kó padà, mi ò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ló ń ṣe mí, àbí ìdánìkanwà.

Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé ẹ ti ní kí Tèrésà má gun ọ̀kadà Gébúrẹ́lì mọ́, kó má baà yí ọmọ lọ́kàn padà, pé ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ́jà-Ọ̀dàn. Màámi, ẹ dákun. Ẹ̀gbọ́n náà ló sọ pé lẹ́yìn tó di Mùsùlùmí, kò yé gbé e lọ sí Mísà, títí ẹ fi ní ó tó. Á jókòó lábẹ́ igi máńgòrò títí wọ́n á fi jáde.

Ẹ bá wa wá bàbá ìsàmì mìíràn. Ó dùn mí, mo sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá, ẹ jẹ́ kí Gébúrẹ́lì gbé e lọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá lè wà léjìká Tèrésà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ Tèrésà wà léjìká tirẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Kí Ìyá Olúwa máa bò yín. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀. Ẹ bá mi kí Fádà, ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ bá mi kí òun náà. Orúkọ tó bá rọ̀ yín lẹ́nu ni kẹ́ ẹ fi pè é.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàbí