Abẹ́rẹ́ Epo Tí Kì í Sọ̀ Kalẹ̀

Ṣakí,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, 1980.

Mọ́ládé ọmọ mi,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pọ̀: oyún inú rẹ, àtẹ̀gùn ilé yín tí mo gbọ́ pé kò ní ibi tí ènìyàn lè dì mú, òjò tó ń rọ̀ lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, àti epo inú mọ́tò mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ Adékúnlé ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé oṣù kẹsàn-án yóò sọ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wàrà rẹ̀ kò ní tó wọn.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ fi tó ọ létí. O rántí ilé onítáyà tí mo rà lọ́wọ́ òyìnbó tó wá wọn ojú ọ̀nà, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú. Mo fẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ gbé e wá sí Ìbàdàn, ká máa sùn sínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, kí ìyá rẹ lè máa wẹ ọmọ láìjẹ́ pé a fún yín mọ́ inú yàrá kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí mo ti rà á ni abẹ́rẹ́ tó ń sọ iye epo níwájú awakọ̀ ti dúró síbi tó kún. Mo wà á lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo wà á bọ̀, abẹ́rẹ́ kò kúrò. Mo rò ó, mo gbàdúrà sí i, mo wá dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run bù sí epo mi. Wọ́n gbérin. Àlùfáà pàápàá bi mí lẹ́yìn ìsìn bóyá mo lè gbé òun dé Ìpápó.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀ láti Ògbóòrò, ilé náà kú sójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ sì wà níbi tó kún síbẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àríyọ̀ bá wa níbẹ̀, ó ní Bàbá, ṣé ìlú tuntun lẹ fẹ́ tẹ̀ dó síbí ni, kí òun tètè wá gba ilẹ̀ ilé. Ó já pòròpórò ọkà bàbà kan, ó tì í bọ inú táńkì, ó fà á jáde, ó gbẹ bí ohun tí a sá sóòrùn. Mo ní pòròpórò lè má mọ epo bẹntiróòlù. Ìyá rẹ ní bóyá abẹ́rẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ra iṣu lọ́wọ́ Àríyọ̀, ó sè é lórí sítóòfù, a jẹun, ó ní ilé náà dára, kí n ṣáà má pè é ní mọ́tò mọ́. Ó ní òun kò ní bá mi wọ̀ ọ́ dé Ìbàdàn, pé ọmọ kì í dúró de epo.

Nígbà tí a rí epo díẹ̀ rà tí a fi gbé e délé, Ràmọ́nì mẹkáníìkì ló wá wò ó. Mo ti gbé korobá iyanrìn méjì sílẹ̀, mo sì ní kí àwọn ará ilé Abọ́sẹ̀dé tó múlé tì wá paná ọbẹ̀ wọn. Ràmọ́nì ní Bàbá Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun. Ó yọ wáyà tó wà lórí táńkì, ó ní kí n jókòó síwájú kí n máa wo abẹ́rẹ́. Kíá ló já wálẹ̀. Ó fi ẹnu wáyà kan ara irin mọ́tò, abẹ́rẹ́ tún gòkè pátápátá. Ó ní abẹ́rẹ́ kò ṣẹ̀, wáyà kò ṣẹ̀, èyí tó wà nínú táńkì ló ń parọ́ fún wọn. Mo ní kó yọ bátìrì kó tó ṣí i. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fà jáde, tí agolo kékeré wà lórí rẹ̀. Ó ní agolo yẹn ló yẹ kó máa léfòó lórí epo, bí epo bá ń tán kó máa bá a lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti mú irin tiwa mọ́ òkè.

Ó rí òmíràn ní Ìṣẹ́yìn lára mọ́tò tó ti kú. Kó tó tì í bọ táńkì, ó so wáyà mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ gbé agolo náà sókè sódò, abẹ́rẹ́ sì ń bá a lọ bí ọmọ tó ń kí àgbà. Ó gé awọ sí ẹnu rẹ̀ kí epo má baà jò, ó dè é, a rọ epo kún un. Ìyá rẹ wò ó bó ṣe ń gòkè, ó ní ó dáa, òun yóò bá mi lọ bí ó bá ṣì wà lókè lọ́jọ́ tí a bá ń gbéra.

Ṣùgbọ́n, Mọ́ládé, eléyìí tí a fi sí i ń mu epo. Ti àtijọ́ kò mu ún rárá. Láràárọ̀ ni mo ń tan mọ́tò, tí mo sì ń jókòó ti abẹ́rẹ́ náà títí ìyá rẹ á fi pè mí wá mu ẹ̀kọ, ojú mi kòrókòró ló fi ń lọ sílẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, mọ́tò kò sì tíì kúrò nínú ọgbà. Ràmọ́nì ní kí n yé tan án. Mo bi í pé bí n kò bá tan án, báwo ni n óo ṣe mọ̀ pé ó ń lọ sílẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, a kò lè dúró de ìparí oṣù bí a ti sọ. Fún Adékúnlé lówó epo, kó wá dúró dè wá ní Mọ́níyà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan, má jẹ̀ẹ́ kó mu sìgá tì í. Kí o sì wá owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ìpadàbọ̀ wa. Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò ní sunkún ọmọ. Máa rọra sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn yẹn. Èmi bàbá rẹ, Cornelius Ìyápọ̀, àti ìyá rẹ, bí kò bá tíì tún yọjú wo abẹ́rẹ́, a ó gbéra ní kùtù ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí.