Sìmẹ́ńtì Tó Di Òkúta

Balaka, Màláwì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin.

Tadala ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo gbà pé ara rẹ ti le ní Johannesburg, pé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ. Ara tèmi náà le, àmọ́ inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí o gbọ́ ohun tí mo ṣe lẹ́nu ẹlòmíràn.

O rántí ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ kọ́ sí ọgbà ilé-ìwé girama wa, kí àwọn ọmọbìnrin lè máa sùn níbẹ̀, kí wọ́n yé sọdá odò Rivirivi láràárọ̀. Ilé-iṣẹ́ àwọn Amẹ́ríkà kan ló gba iṣẹ́ náà. Ògiri ti dé ojú fèrèsé nígbà tí àṣẹ dé láti ìlú wọn pé kí gbogbo iṣẹ́ dúró. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá wọn wọ mọ́tò, kò tilẹ̀ dágbére fún Baálẹ̀. Ó fi àgádágodo ti ọgọ́rin àpò sìmẹ́ńtì mọ́ yàrá kan, ó fi mẹ́gáàdì kan ṣọ́ ọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, odò gbé Ulemu, ọmọbìnrin Enifa aládùúgbò wa, níbi tó ti ń sọdá lọ sílé-ìwé. Igi kan ló dì mú tí kò fi kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. A lọ bá mẹ́gáàdì pé kó ṣílẹ̀kùn, àwa fúnra wa á parí ilé náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má kó mi sí wàhálà. Nǹkan Amẹ́ríkà ni." A lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí a dúró de lẹ́tà. Enifa ní, "Lẹ́tà kẹ̀? Ṣé odò náà ń dúró de lẹ́tà ni?"

Tadala, èmi ni mo fi àáké já àgádágodo yẹn, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé. Ohun tí a bá níbẹ̀ pa mí lẹ́kún: àpò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ti gan, wọ́n le bí òkúta. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kó bàjẹ́ ju kí ọwọ́ wa kàn án lọ! Àwọn tó ń pè wá ní alábàáṣiṣẹ́ nìyẹn o.

Ọlọ́pàá mú mi. Ọjọ́ méjì ni mo lò ní àgọ́ wọn. Àwọn obìnrin ń gbé òkèlè nsima wá fún mi, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí n tọrọ àforíjì, kí n máa lọ. Mo ní, "Èmi? Ẹ kọ́kọ́ lọ tọrọ tiyín lọ́wọ́ Ulemu." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Màmá yìí, ẹnu yín mú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Àpò mẹ́tàlélógún tó kù kò tó. A fi amọ̀ mọ ìyókù, a fi koríko bo yàrá méjì. Ulemu tiro wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òun ló kọ́kọ́ mú ibi tí yóò sùn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó sì jẹ́ kí n fojú kàn ọ́ láyọ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Falesi.

Àfikún: Lánàá, ìwé ìbéèrè kan dé láti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní, ọmọbìnrin mélòó ló ń sùn nínú ilé tí àwọn kọ́ fún wa? Baálẹ̀ ní kí n dáhùn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Mọ́kànlá. Ilé tí àwa kọ́ ni wọ́n ń sùn sí."