Pupa Kò Lè Gun Òkè

Àtàláátà, 2 oṣù kẹwàá, 1984

Pupa dé láti Èkó, lẹ́yìn lọ́rì tó lọ já iṣu. Ẹ̀rọ ìgéko ni — èyí téèyàn ń jókòó lé bíi mọ́tò. Kì í mu epo, bátìrì ló ń lò. Òyìnbó kan tó ń kó lọ sílùú rẹ̀ ló tà á fún Injinía. Mo ní, "Bàbá Sùlíátù, koríko wo la ní?" Ó ní gbogbo Ẹ̀sìẹ́ ni koríko.

Injinía — Àbúdùlàhí ọkọ mi nìyẹn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó tá a sì kó wálé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Á jẹun, á kírun, á máa wo ògiri. Lónìí ó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nítorí náà mi ò ní bá Pupa jà.

Àlàmísì, 4

Pupa kò lágbára. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ó ń rìn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Kó kàn rí òkè kékeré, á dúró, á máa kùn hùn-ùn-ùn. Injinía sọ̀ kalẹ̀, ó tì í wálé lójú gbogbo àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀gbọ́n Fulera, ní, "Ìyàwó, ẹṣin téèyàn ń gùn la mọ̀. Èyí tó ń gun olówó rẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí."

Jímọ̀, 5

Yéè. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Injinía dìde láàárín èrò, ó ní òun lòun máa gé pápá ilé-ìwé fún wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú. Òun àti ẹ̀rọ òun. Jòhánù, olórí àwọn aládàá tó máa ń gé e lọ́dọọdún, gbọ́. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

Pápá yẹn ní òkè o.

Àlàádì, 7

Bátìrì ni, Injinía ló wí. Iná dé, a so ó mọ́ná. Iná lọ. Iná dé. Bátìrì kún. Pupa kò gun òkè.

Àtìní, 8

Orí bátìrì ti hu nǹkan funfun bí èfun. Mo po kán-ún mọ́ omi gbígbóná, a fi fọ̀ ọ́, ó hó ṣùùù. Injinía ní, "O ṣeun, Àjọkẹ́." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ oríkì mi lẹ́nu rẹ̀.

Pupa gun òkè dé ìdajì. Ló bá ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, Injinía lórí rẹ̀, ó di inú ẹ̀gẹ́ Ẹ̀gbọ́n Fulera. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣeé kọ.

Àlàrùba, 10

Òjò. Koríko ń ga sí i.

Àlàmísì, 11

Injinía fẹ́ gbọ́ ohùn mọ́tò inú Pupa, ohun tó ń yí táyà rẹ̀, nígbà tó bá ń gun òkè lọ́wọ́. Kò sì lè wà lókè kó tún wà nísàlẹ̀. "Ìyá Sùlíátù, gùn ún."

Èmi!

Mo ká ìró sókè, mo gùn ún. Ó ń pariwo, "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!" Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé mi bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lójijì: "Dúró! Iná ń ṣẹ́ nínú ẹ̀!" Kábọ̀n ni — ohun kan tó dà bí èédú kékeré, òun ló ń gbé iná fún ọkàn mọ́tò. Ó ti jẹ, ó ku kékeré, kò kan ibi tó yẹ kó kàn mọ́.

Mi ò sọ fún un pé kò wù mí kí n sọ̀ kalẹ̀.

Sátidé, 13

A lọ sí Ọ̀mù-Àrán, sọ́dọ̀ Sàláwù tó ń tún sítátà lọ́rì ṣe. Kò ní irú kábọ̀n tiwa. Ó fún wa ní ti lọ́rì, ó tóbi jù. Injinía fi sáńpépà ha á nínú ọkọ̀ látibẹ̀ títí dé Ẹ̀sìẹ́. Obìnrin kan jókòó tì í pẹ̀lú léèsì funfun. Léèsì ọ̀hún kò funfun mọ́. Èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ títí a fi délé.

Àlàádì, 14

Ó GUN ÒKÈ! Èmi ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Fulera káwọ́ lérí.

Àlàmísì, 18

Ọjọ́ pápá. Láàárọ̀, Injinía bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè di bẹ́líìtì Pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ há. Kò lè nàró. A gbé e wọlé bó ṣe tẹ̀ yẹn. Ó ní ká lọ pe Jòhánù, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Mi ò lè tún máa bá irú rẹ̀ gbé.

Mo wọ ṣòkòtò rẹ̀ sábẹ́ ìró, mo so gèlè le. Nígbà tí mo gbé Pupa dé pápá, Jòhánù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀, àdá lórí itan. Ẹnì kan ní, "Obìnrin kẹ̀?" Lémọ́mù ní koríko kò mọ akọ, kò mọ abo.

Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Nígbà tí mo kọjú sí òkè ẹ̀yìn òpó gólù, gbogbo wọn dìde. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ igbe lẹ́yìn: "Má tẹ̀ ẹ́ jù! Rọra fún un!" Injinía ni. Inú bárò ló wà, ó ṣì tẹ̀ bíi tàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n Fulera ló ń tì í bọ̀, òógùn ń ṣàn lójú wọn, wọ́n ń ṣépè fún gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo rọra fún un. Pupa gòkè.

Jòhánù pe àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n fi àdá gé ẹsẹ̀ igi àti ẹ̀bá ògiri, ibi tí Pupa ò lè dé.

Àtìní, 22

Wòlímọ̀ lọ dáadáa. Ní àná ìránṣẹ́ dé láti Ìjàrà-Ìsin: ilé-ìwé ibẹ̀ fẹ́ gé pápá, kí "ìyá tó ń gun ẹ̀rọ" máa bọ̀. Wọn ò dárúkọ Injinía rárá. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mi ò fẹ́ kó dùn ún.

Ẹ̀gbọ́n Fulera ti sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ lónìí, mi ò bá a nílé. Mo jáde. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pupa, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, ó ń fi ekejì ta gíríìsì sí i. Ó ti so sípánà mọ́ àga rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Dírẹ́bà," ó ní, "ìró yẹn lo fẹ́ wọ̀ lọ Ìjàrà?"

Mo sáré wọlé lọ wá ṣòkòtò.