Ẹẹ́fà Tí A Tẹ̀ Nítorí Fintan

Dervla ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń sùn, mo kí ọ̀nà tí o ń tọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kí Màríà Wúńdíá máa bá mi ṣọ́ ọ ní Dọ́blìn yẹn, níbi tí ẹ̀yin ènìyàn ti máa ń jókòó ti ara yín nínú bọ́ọ̀sì láì kí ara yín. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá ń bọ̀, òjò ò sì tíì dá láti oṣù tó kọjá, nítorí náà orúnkún náà ò tíì dákẹ́. Ara ìyá rẹ náà le, ó le ju tèmi lọ, o máa rí ìdí rẹ̀ bí o bá ṣe ń kà á lọ. Màlúù pupa yẹn ti bímọ. Ẹ̀yìn ni ọmọ náà fi jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ baba rẹ ò tíì gbàgbé iṣẹ́ dókítà ẹran, àti ìyá àti ọmọ ló ń jẹun.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àárọ̀ Sátidé ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí fóònù mi ò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Kò ṣàìsàn o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, kò sí ibi tó wú. Oúnjẹ inú rẹ̀, ìyẹn owó ìpè, ló tán, ìbò àná ló jẹ ẹ́ tán pátápátá. Mo ní kí ìyá rẹ yá mi ní tirẹ̀, ó ní lẹ́yìn ohun tí mo fi tèmi ṣe, òun ò ní fi fóònù òun lé mi lọ́wọ́ títí Kérésì. Nítorí náà jókòó, kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ti máa pè ọ́ láti fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé nǹkan.

Drumgarrow ti dé àṣekágbá bọ́ọ̀lù káńtì, ti gbogbo abúlé agbègbè wa. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa náà ni. Ọ̀la, Sọ́ńdè, lẹ́yìn Mísà, Kilteeran la máa bá wọ̀ ọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí a gba ife yẹn kẹ́yìn tí eyín ẹnu rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀ lónìí, nítorí náà o mọ ohun tí ọjọ́ ọ̀la jẹ́ fún wa.

Ìṣòro wa ni Fintan Mulhern, ọmọ-ọmọ Nuala tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Nígbà tí àwọn tẹlifíṣọ̀n pè é pé kó wá wọ Ilé Aláìjáde, ètò tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ sínú ilé kan kí gbogbo ayé máa wò wọ́n, olùkọ́ni ẹgbẹ́ wa ní kó máa lọ, pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ náà la máa kú sí. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Packie Flood tiẹ̀ sọ fún ọmọ náà pé kó lọ wá ìyàwó lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí kò sí mẹ́dààlì kankan tó máa rí níbí. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? A yege nínú àkọ́kọ́. A yege nínú èkejì. Nínú èyí tó ṣíwájú àṣekágbá, ẹrẹ̀ mu wa dé kókósẹ̀, aṣọ́lé wọn yọ̀ ṣubú, bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo tó sì lè fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá kó gba òkè ojú ilé kọjá fún àmì ayò kan wà ní Dọ́blìn, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó jókòó létí odò ìlúwẹ̀ẹ́, ó ń sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí fún ọmọbìnrin kan tó ti Cork wá. Kò ní fóònù níbẹ̀, wọn kì í fún un ní ìwé ìròyìn. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọmọ náà rò pé wọ́n ti lù wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí Ilé Aláìjáde náà ṣe ń lọ nìyí, ìyá rẹ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Fúráìdé Fúráìdé ni àwọn tó ń wò ó máa ń fi fóònù dìbò. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá kéré jù ló ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àwọn mẹ́fà ló ṣẹ́kù. Ẹni tó bá jáde ní Fúráìdé á sùn sílé ìyá rẹ̀ ní Sátidé, á sì lè wọ jẹ́sì ní Sọ́ńdè. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere ni.

Ṣùgbọ́n o mọ àwọn ọkùnrin wa bí wọ́n bá jáde ní Mísà tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́ọ̀lù, káńsù, tẹlifíṣọ̀n, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀, wọn kì í sì í mí sí i láàárín. Packie ní olùkọ́ni wa ń kó gbogbo ènìyàn sẹ́yìn bí ẹni tó ń kó adìyẹ wọlé nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó ní ọmọbìnrin Cork yẹn ò fẹ́ràn Fintan dénú, àti pé ọmọkùnrin Galway tó ń di irun sókè yẹn ni ojú rẹ̀ wà lára. Mo bi Packie bóyá ó ń wo ètò náà ni. Ó ní láéláé, ìyàwó òun ló ń wò ó, òun kàn máa ń gba inú yàrá náà kọjá ni. Ó dá mi lójú pé ó máa ń rọra kọjá.

Ibẹ̀ la wà tí káńsẹ́lọ̀ Malachy Tuohy fi dé, nítorí ìbò káńsù ku oṣù kan, ìgbà yẹn nìkan ló sì máa ń rántí pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ògiri. Òun ni ẹni tó ṣèlérí iná fún pápá wa nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òpó ti dé, iná ò tíì dé, ẹyẹ ló ń gbé orí rẹ̀. Malachy ní kí a dìbò kí Fintan dúró sínú ilé náà, pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ Drumgarrow lórí tẹlifíṣọ̀n ni ìjọba ń rántí ọ̀nà wa tó ti bàjẹ́. Ó ti tẹ ìwé ìpolówó, òun àti Fintan jọ ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò jọ dúró síbì kan rí. Packie wò ó títí. Ó ní, "Malachy, ká ní a lè máa lé ìwọ náà jáde ní Fúráìdé Fúráìdé ni, ọ̀nà wa ì bá ti dán bí àwo." Malachy rẹ́rìn-ín, ó bọ Packie lọ́wọ́, ó sì fún un ní ìwé náà méjì.

Bí ó ṣe lọ tán ni gbogbo ojú yí sí mi. O mọ ìdí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ ni mo ti máa ń fara ti irin níbi tí wọ́n ti ń tú àpótí ìbò, tí mò ń fi pẹ́ńsù sàmì bí ìwé ṣe ń bọ́ sórí tábìlì, kí àwọn olórí ìbò tó mọ ẹni tó wọlé ni mo ti máa ń mọ̀. Ìdìbò wa ò sì le. Ẹni tí o fẹ́ràn jù, kọ oókan síwájú rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e, eéjì. Báyìí lo máa ṣe lọ títí dé ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá lo sì máa ń fi ẹni tí o kò fẹ́ rí mọ́ sí. Bí ènìyàn mẹ́fà bá wà lórí ìwé, ẹni tí o fẹ́ kó lọ sílé, ẹẹ́fà ni tirẹ̀. Ọmọdé Drumgarrow mọ èyí kó tó mọ àdúrà.

Nítorí náà mo pe ìpàdé sí ilé ẹgbẹ́ ní Fúráìdé, mo sì sọ fún wọn pé, "Ẹ tẹ ẹẹ́fà fún Fintan." Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí agbo orí fóònù ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú, mo kí wọn, mo ṣàlàyé, mo fọwọ́ sí i, mo kọ oyè ẹ̀kọ́ mi sábẹ́ rẹ̀. Kàkà kí wọ́n fèsì, àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí awọ ẹran tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo kọ̀wé sí Packie níkọ̀kọ̀ pé kó lọ rí dókítà ènìyàn.

Ìyá rẹ ló bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní nínú ilé yìí, ta ni ẹni tó mọ ìbò kà? Ó padà sídìí aṣọ òtútù tó ń hun, kò sọ nǹkan kan mọ́. O sì mọ bí nǹkan kan tí ìyá rẹ kì í sọ ṣe máa ń wúwo tó.

A tẹ̀ ẹ́, Dervla. Gbogbo abúlé ló tẹ̀ ẹ́. Nuala sunkún kó tó tẹ tirẹ̀, nítorí alaalẹ́ ni inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń rí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ní ife káńtì ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Packie fi fóònù tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ tèmi títí ó fi ní òun ò lè lọ mọ́. Bí a bá sì ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, fóònù á dáhùn pé: A ti gba ìbò rẹ fún Fintan, a dúpẹ́. Mo ní ẹ̀rọ yìí lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan fẹ́ máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ "fún" yẹn. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé bí a bá kọ ọ́ sára ìgò oògùn pé "fún inú rírun màlúù", kì í ṣe pé oògùn náà wà lẹ́yìn inú rírun. Wọ́n ní ó yé wọn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí èsì dé, ọmọbìnrin tó ń darí ètò náà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò rí ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ tó ti Fintan rí. Fintan ń bẹ níbẹ̀ o, digbí. Ọmọbìnrin Cork ni wọ́n lé jáde. Fintan sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo Ireland.

Ìyá rẹ dìde láàárín ilé ẹgbẹ́, ó rìn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ tọ́ka sí ìsàlẹ̀ àwòrán Fintan. Nọ́ńbà kékeré kan wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn yẹn ti pín nọ́ńbà fún olúkúlùkù, bí ẹni ń sàmì sétí àgùntàn, nọ́ńbà ẹni tí o bá sì tẹ̀ lo dìbò fún. Ẹẹ́fà ni wọ́n fún Fintan.

Mo bi ọ́, ìwọ tí o kàwé: ta ló ń fún ènìyàn ní ẹẹ́fà tí kò sì sọ pé kì í ṣe ipò? Ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo wa ti ń to ìbò láti oókan lọ sísàlẹ̀! Èmi ò ṣàṣìṣe. Mo dìbò bí ó ti tọ́ nínú ìdìbò tí kò tọ́. Mo ṣàlàyé èyí fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Packie ní, "Dókítà, màlúù ni kẹ́ ẹ máa kà o, ẹ fi ènìyàn sílẹ̀." Láàárọ̀ yìí, kí n tó mu tíì, Malachy ti wà lórí rédíò, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Drumgarrow pé wọ́n gbọ́ ìpè òun. Ìyẹn gan-an ló dùn mí wọ egungun. Ìyá rẹ ń fi súfèé kọrin nídìí ààrò. Ìdí tí ara rẹ̀ fi le nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo rán ọ nìyí. O sọ fún ìyá rẹ pé ilé náà ò jìnnà síbi iṣẹ́ rẹ, pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń kóra jọ sábẹ́ ògiri rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo. Kò sí àgádágodo lára ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ẹni tó bá wù lè dìde kó máa lọ, wọ́n kàn ń pè é ní Aláìjáde ni. Fintan ni kò mọ̀ pé a ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, òun la ò sì tíì sọ fún. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má dúró jẹun. Lọ síbẹ̀, kí o lo ohùn tí o fi ń pe màlúù wọlé nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa. Má pe orúkọ rẹ̀ lásán, gbogbo ọmọ Dọ́blìn ló ń pè é, á kàn juwọ́ sí ọ ni. Má sọ pé a dé àṣekágbá, á rò pé àwọn tẹlifíṣọ̀n ló ń dán òun wò, kò sì sí ará Drumgarrow kankan tó lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ láì rí i. Ohun tí o máa kígbe ni pé a ti fún Enda ní jẹ́sì Fintan, ti ọ̀la, tí a máa bá Kilteeran wọ̀ ọ́. O mọ Enda, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Fintan, ẹni tó dúró síwájú ilé tí kò sí aṣọ́lé tó sì gbá bọ́ọ̀lù lu àlùfáà. Fintan á fo ògiri náà. Irọ́ kọ́ sì ni pátápátá, ìyá Enda ti gé apá jẹ́sì náà kúrú.

Bá mi san owó bọ́ọ̀sì rẹ̀, nítorí àpò ẹgbẹ́ ti gbẹ, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún mi, kí n fi bọ́ fóònù yìí kó lè gbérí. Bí ọmọ náà ò bá dé, Mísà ọ̀la mi, nínú ilé ni mo ti máa gbà á, lórí rédíò, bí aláìsàn.

Kí Brígíd Mímọ́ tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn ṣọ́ ìwọ náà. Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ọwọ́ rẹ má ṣófo, kí ohùn rẹ ga ju ògiri lọ. Bí Fintan bá bi ọ́ lójú ọ̀nà pé àwọn wo ló fi ìbò lé ọmọbìnrin Cork rẹ̀ jáde, sọ fún un pé Kilteeran ni.

Èmi ni baba rẹ,
Cormac Devaney, dókítà ẹran (ó ti fẹ̀yìn tì)