Ọkọ̀ Ọ̀fẹ́ Ti Kó Àwọn Ọmọ Lọ

Ìlọrà

Fàtáì ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí pé ilé yìí ti fẹ́ ku èmi nìkan. Má jẹ́ kó kó ọ láyà sókè. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Kàdúná? Orúnkún mi ti sàn díẹ̀, mo sì ti yan gàrí tí màá fi ránṣẹ́ sí yín.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń san owó ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé àwọn ọmọ Fàsílátù àbúrò rẹ wá sí iléèwé níbí láti Ìmíní láàárọ̀, òun náà ló ń dá wọn padà. Ọ̀wọ́n owó ọkọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa sùn lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀. Ní Jímọ̀ nígbà náà, ìyá wọn á wá kó wọn, a ó sì jọ jẹun. Kò rídìí wá mọ́. Mo bá a dúpẹ́, ara tù ú.

Lánàá, Zàíd ọmọ rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀: "Ìyá àgbà, ẹ má jẹ ẹ̀wà wa tán o!"

Mo ní, "Alájẹkì, sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ ẹ́!"

Ọkọ̀ ò dúró.

Bá mi bẹ Fàsílátù kó jẹ́ kí wọ́n máa sun ọjọ́ kan péré lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀. Sọ ọ́ bíi pé ìwọ lo rò ó. Bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, yóò rò pé mi ò fẹ́ ìrọ̀rùn òun.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ. Jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé, kí n mọ ohun tó sọ.

Ìyá rẹ